Àwọn Tó Jókòó Sí Yàrá Kan

Wọ́n tẹ méjìdínlógún sí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà sì fa oògùn dé ìlà mẹ́rin lára síríńjì. Ìlà mẹ́rin gan-an ló yẹ kó fà. Gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lọ́sàn-án ọjọ́ náà mí kanlẹ̀, wọ́n sì yíjú sí nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́bàá ibi ìfọwọ́, tí ọlọ́pàá obìnrin kan di apá rẹ̀ mú.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù ń pe nọ́ọ̀sì yìí, nítorí bó bá gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ọmọ náà kì í mọ̀ títí yóò fi fà á yọ. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Oògùn ìlà mẹ́sàn-án ló wọ ara ọmọ náà dípò mẹ́rin. Ẹ̀rọ ló ń ṣírò oògùn níbẹ̀, òun náà ló ń fà á. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ju pé kó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, kó wo iye tó wọ̀n, kó sì tẹ iye náà sí ẹ̀rọ. Méjìdínlógún ni ọmọ yẹn wọ̀n. Ẹ̀rọ náà kì í tọ́jú iye tí wọ́n bá tẹ̀ sí i, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká wá tún un ṣe níṣojú gbogbo wa.

Métírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìlà mẹ́rin náà ni. Lọ́yà ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó bírò rẹ̀ sápò.

"Á jẹ́ pé èmi ni," Àǹtí Jẹ́jẹ́ wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. "Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni mo tẹ̀."

Ìyá ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́. Ó kàn ń wo ẹ̀rọ náà.

Ó yẹ kí inú mi dùn, nítorí èmi ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́, ẹjọ́ tó bá sì parí fúnra rẹ̀ ni gbogbo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń gbàdúrà fún. Kò ṣe mí bákan. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ mi, kò sí ohun tó ń ṣe mí bákan mọ́. Bí oúnjẹ bá dùn, mo mọ̀ pé ó dùn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́ tó wá ròyìn fún mi. Bí èèyàn bá ń sunkún níwájú mi, bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Iṣẹ́ nìkan ló kù tí orí mi ṣì ń ṣe láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá wa, ẹni tó kórìíra fáìlì tó ṣí sílẹ̀ ju olè lọ, ní kí n gba ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó lè fojú ba ilé ẹjọ́ lọ́la. Bí adájọ́ bá ti rí i pé ó jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni, kò sì ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni mo wí.

Ó gbójú sókè wo àjà. Ṣébẹ́ẹ̀ni ni wọ́n sọ mí ní àgọ́ wa, àwọn kan ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi mìíràn. Bí ẹnì kan bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, wọ́n ní èmi á kọ́kọ́ yọjú síta wo oòrùn.

Mo mú nọ́ọ̀sì náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi í pé iye wo ló ṣì tẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní ẹni tó ṣi nǹkan ṣe tí kò mọ ohun tó ṣe, báwo ló ṣe wá mọ̀ pé òun ṣì í? Ó ronú díẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti bá òun sọ̀rọ̀, Métírọ́ọ̀nù ti bá òun sọ̀rọ̀, lọ́yà náà ti bá òun sọ̀rọ̀; wọ́n ní bí òun bá tètè gbà, adájọ́ á ṣàánú.

"Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, mà," ó wí. "Èmi nìkan ni mò ń sọ òmíràn. Ó rẹ̀ mí."

Wọ́n mú un padà sí àtìmọ́lé. Ọ̀gá ní kí n má fi òru ọjọ́ náà ṣe wàhálà. Mo ní ọ̀sán ni mo fẹ́ lò, ó ṣì ku díẹ̀ níbẹ̀.

*

Lọ́jọ́ kejì tí ọmọ náà kú, mo ti fọ̀rọ̀ wá èèyàn mẹ́ta lẹ́nu wò ní wọ́ọ̀dù yẹn: Métírọ́ọ̀nù, nọ́ọ̀sì kejì, àti obìnrin tó ń tún ilẹ̀ ṣe. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọkàn Àǹtí Jẹ́jẹ́ kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí mo tún pè wọ́n. Métírọ́ọ̀nù ní ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Nọ́ọ̀sì kejì ní ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Obìnrin tó ń tún ilẹ̀ ṣe ní, ká má purọ́, ọkàn rẹ̀ kò sí nílé.

Bí ẹnu mẹ́ta bá sọ ohun kan náà, ẹ̀rí ni. Bí ẹnu mẹ́ta bá fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ọ́, ẹnì kan ló dá orin náà, àwọn tó kù ń gbè é. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo fura sí Métírọ́ọ̀nù. Mo ní ó ṣeé ṣe kí ìjà ti wà láàárín òun àti nọ́ọ̀sì náà, kó sì ti kọ́ àwọn yòókù ní ohun tí wọn yóò sọ.

Mo bi obìnrin tó ń tún ilẹ̀ ṣe níbi tó jókòó sí kí wọ́n tó pè é wá bá mi lọ́jọ́ kejì yẹn. Ó ní ọ́fíìsì Métírọ́ọ̀nù ni. Gbogbo wọn ló jọ wà níbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ń dúró de ọlọ́pàá, wọ́n sì ń sọ ọ́ ṣáá.

Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí yàrá ọ̀tọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí etí wọn gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Kò pẹ́ tí orin náà fi dàrú. Obìnrin tó ń tún ilẹ̀ ṣe kò rí Àǹtí Jẹ́jẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Àtẹ̀gùn ló ń fọ̀, igbe ìyá ọmọ náà, tó ti lọ ra omi nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́. Nọ́ọ̀sì kejì wà ní ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí, tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ní kó sọ bí ojú Àǹtí Jẹ́jẹ́ ṣe rí, ẹ̀rù bà á. Ó ní òun rò pé òun rí i ni.

Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Wọ́n jókòó ti ẹni tó rí nǹkan, nígbà tó yá wọ́n ń rántí ohun tó rí.

Ó ku Métírọ́ọ̀nù, ẹni kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Mo ní kí ló rí tó fi ní ọkàn ẹni ẹlẹ́ni kò sí nílé.

"Ó dúró síwájú ẹ̀rọ," ó wí, "kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó kàn dúró, ó ń wo ojú ẹ̀rọ."

"Kí ló ń wò?"

"Kò sí ohun tó wà níbẹ̀, mà. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tó dé ni. Ẹ̀rọ ò tíì tan padà."

"Ẹ ò sọ fún wa pé iná lọ."

Ó wò mí bíi pé mo bi í léèrè bí adìẹ ṣe ń yé ẹyin. "Iná tó ń lọ lójoojúmọ́? Ta ní í ròyìn ìyẹn?"

Ó ti sú mi láti máa fura sí i. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni lórin. Ó sọ ohun tó rí nínú yàrá tí èèyàn pọ̀ sí ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá tilẹ̀ ti wó, ẹlẹ́rìí kẹrin ṣì dúró gbọn-in: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó fa ìlà mẹ́rin níṣojú mi. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ wá àwọn tó ṣe é.

*

Òkè ilé ìtajà ọ̀dà ni ọ́fíìsì wọn wà, òórùn ọ̀dà sì ti wọ aṣọ gbogbo wọn. Ọ̀gá ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Wéréwéré, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Obìnrin tó jókòó dojú kọ ọ́ ni Ìyá Ìbejì, òun ló kọ apá tó ń ṣírò oògùn. Ó kí mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ wọn kì í ṣàṣìṣe. Wéréwéré ti ń retí ìbéèrè yẹn. Ó ní kí ètò wọn tó jáde, àwọn máa ń fi ìdánwò kéékèèké dán an wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdánwò náà sì lé ní igba. Àwọn ti kọ àṣẹ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, àṣẹ náà ló ń pe àwọn ìdánwò lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn kàn án. Èyí tó bá yege á ní àwọ̀ ewé, èyí tó bá kùnà á pupa. Ìdánwò kan wà láàárín wọn tó ń tẹ méjìdínlógún, tó sì ń retí ìlà mẹ́rin.

Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Àwọ̀ ewé bo ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó jókòó dáadáa.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni mo wí.

"Ẹ̀yin náà rí i, mà."

"Mo rí i pé ó yá. Ìdánwò tó lé ní igba, ẹ parí wọn kí n tó fìdí kanlẹ̀?"

Bí mo ṣe yìn ín ló ṣí i lẹ́nu. Ó fà sún mọ́ mi. "Tẹ́lẹ̀ kò yá báyìí, ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ń ní yàrá tirẹ̀. Èmi ni mo tún un ṣe."

Mo ní yàrá wo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn ṣe ń pè é ní ọ́fíìsì nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kan, ó máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún un nínú ìrántí rẹ̀. Iṣẹ́ náà á wọlé, á tẹ́ ẹrù rẹ̀, á ṣe tirẹ̀; bó bá jáde, wọ́n á gbá yàrá náà mọ́ tónítóní. Ẹlòmíràn tó bá dé, yàrá òfìfo ni yóò bá. Ó dára, àmọ́ ó ń pẹ́. Ṣí ilẹ̀kùn, ti ilẹ̀kùn, gbá ilẹ̀, fún ìdánwò tó lé ní igba. Ilé ìwòsàn sì ń pè wọ́n ṣáá pé ìgbà wo ni ẹ̀rọ ń bọ̀.

"Ni mo bá yí àṣẹ yẹn padà," ó wí. "Gbogbo wọn ń wọ yàrá kan ṣoṣo báyìí, wọ́n ń ṣe tiwọn tẹ̀lé ara wọn. Kí la fẹ́ máa ṣílẹ̀kùn fún?"

Mo jókòó síbẹ̀, òórùn ọ̀dà nímú mi. Mo rí ọ́fíìsì Métírọ́ọ̀nù lójú ara mi, àwọn mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń di ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbi ìkóoògùn-sí gbà tọkàntọkàn pé òun rí ojú ẹni tí kò rí.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn," ni mo wí, "ṣé ó máa ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ẹnì kejì tó wọlé?"

Ìyá Ìbejì dá ọwọ́ dúró lórí iṣẹ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí ẹ pe ìdánwò oògùn nìkan fún mi," ni mo wí. "Kó wọ yàrá tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣaájú rẹ̀ wọ ibẹ̀."

Wéréwéré ní a fẹ́ fi àkókò ṣòfò, nítorí ìdánwò yẹn kò kùnà rí. Ìyá Ìbejì tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó lọ.

Pupa. Lábẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé òun retí mẹ́rin, mẹ́sàn-án ló dé.

Fáànù ń yí lókè. Wéréwéré tún un ṣe, ó tún pupa. Ó pe gbogbo ìdánwò pa pọ̀, àwọ̀ ewé. Ó pe èyí nìkan, pupa. Ìyá Ìbejì ló wá ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ní òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn yẹn ti pẹ́, páùn ló ń kà. Kílò ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn. Nítorí náà ó yẹ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé páùn ni nọ́ọ̀sì tẹ̀, kó sọ ọ́ di kílò kó tó ṣe ohunkóhun. Nínú yàrá àwọn ìdánwò, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń sọ ọ́ pé páùn ni. Ó ń sọ ọ́ tán, ó ń jáde, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìdánwò oògùn á dé, á bá a níbẹ̀, á lò ó.

"Apá tó ń ṣírò oògùn kò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ ni?" mo bi í.

"Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mà. Ìlà kan wà tí mo kọ síbẹ̀, tó ń kọ́kọ́ béèrè irú òṣùwọ̀n tó jẹ́. Mo yọ ọ́ lóṣù tó kọjá, òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ètò tuntun náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ó dà bí àsọtúnsọ lójú mi." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Mo yọ ọ́, mo dán gbogbo rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ yege. Ká ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣì wà, lójú ẹsẹ̀ ni ì bá ti pupa."

Bí kò bá sí ẹni tó sọ fún ẹ̀rọ, kílò ni yóò pe méjìdínlógún páùn. Ọmọ ọwọ́ á di ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé lójú rẹ̀.

Ojú Wéréwéré ti rọ. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, pé ìlà mẹ́rin ṣá ni ẹ̀rọ fà nílé ìwòsàn níṣojú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bi í pé kí ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò mọ̀. Mo ní kí òun àti Ìyá Ìbejì wá bá mi ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n sì ti ibi tí a wà fi fóònù pe gbogbo ilé ìwòsàn tó ń lo ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n pa á.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wákàtí ilé ẹjọ́ tó tó, a tún pé sí wọ́ọ̀dù náà. Ìyá ọmọ yẹn wà ní kọ́rídọ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ ló ń wá jókòó sí lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó lè lé e.

Mo bi Métírọ́ọ̀nù ní ohun tó máa ń fi ẹ̀rọ ṣe bó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀. Ó ní òun máa ń wọn gbogbo ọmọ wọ́ọ̀dù. Kó tó wọ̀n wọ́n, ẹ̀rọ á béèrè irú òṣùwọ̀n, òun á tẹ páùn. Ojoojúmọ́ ni. Lọ́jọ́ tí a wá dán an wò níṣojú gbogbo ènìyàn náà, òun ti wọ̀n wọ́n láàárọ̀.

"Ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Mo wọ̀n wọ́n." Èèyàn tó gbọ́n ni. "Lẹ́yìn náà ni iná lọ."

Ìgbà tí iná lọ, ohun gbogbo tó wà lórí tábìlì ẹ̀rọ bá a lọ. Ó tan padà, orí rẹ̀ ṣófo. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá a sọ̀rọ̀ ni Àǹtí Jẹ́jẹ́, oògùn ló sì béèrè, nítorí ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sí àyè pé à ń wọn ọmọ wọ́ọ̀dù.

Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Lọ́yà ní kò sí ìdí fún un, àwọn ti dán an wò. Mo ní ẹni tó ti gbọ́ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ ni a dán wò. Wọ́n pa á. Wọ́n tàn án. Ó pẹ́ kó tó tan, gbogbo wa sì dúró, à ń wo ojú rẹ̀, ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa ò sí nílé.

Métírọ́ọ̀nù tẹ méjìdínlógún. Síríńjì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó dé ìlà mẹ́rin, kò dúró. Ó dé márùn-ún, ó dé mẹ́fà, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mẹ́sàn-án ló dúró sí.

Métírọ́ọ̀nù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan tó wà nítòsí, bẹ́ẹ̀dì náà sì dún. Ìyá Ìbejì bo ojú. Lọ́yà ń wá nǹkan nínú àpò rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá wa wò mí, ó ní kí n lọ tú obìnrin náà sílẹ̀, òun á fi fóònù bá ilé ẹjọ́ sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń jáde, ìyá ọmọ náà dìde, ó tẹ̀ lé wa dé àgọ́. Èmi kò pè é, n kò sì dá a padà.

*

Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti wà ní àgọ́ pẹ̀lú aṣọ tí àbúrò rẹ̀ máa wọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Mo ní kó dúró síta. Mo mú nọ́ọ̀sì náà wọ ọ́fíìsì mi, mo lé àwọn tó kù jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé. N kò tíì sọ ohun tí a rí fún un. Mo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ kí tèmi tó kó wọ ọ́.

"Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún ọ, fi í sílẹ̀ lóde," mo wí. "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ti Métírọ́ọ̀nù, tèmi náà. Kí lo tẹ̀?"

"Méjìdínlógún," ó wí. Kò ronú rárá. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe tètè jáde.

Mo wá sọ ọ́ fún un: páùn àti kílò, iná tó lọ, àwọn ìdánwò tó ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ara wọn. Mo ní kò sẹ́jọ́ lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Mo retí ẹkún tàbí ọpẹ́. Ó kàn jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Mo rí i pé ó pọ̀, mà," ó wí.

Mo bi í pé kí ló pọ̀.

"Oògùn yẹn. Mo gbé e lọ́wọ́, ó pọ̀ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fún àwọn ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀. Mo wo ẹ̀rọ, mo ní ó mọ̀ jù mí lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń béèrè."

Mo sọ fún un pé àṣẹ ilé ìwòsàn wọn ni pé ohun tí ẹ̀rọ bá fà ni kí wọ́n fún ọmọ, kí nọ́ọ̀sì má dín in kù, kó má fi kún un. Mo ní òfin kò ní ohunkóhun bá a fà lórí ìyẹn. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kì í ṣe òfin lòun fẹ́ sọ ọ́ fún. Ó ń wo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. "Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ó wí. "Wọ́n ní kó o máa lọ sílé, àbúrò mi. Jẹ́ ká lọ. Kí lo fẹ́ tún fẹnu ara ẹ dá sílẹ̀?" Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní kó má bínú, òun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n wò mí pé kí n bá òun dá sí i. Mo tún ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, mo ní kí ìyá ọmọ náà wọlé.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde dúró kó tó sọ ọ́. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀: ó pọ̀ lójú òun, òun sì gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ojú òun lọ. Ó ní kó má bínú, kò sì tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá náà ń gbọ́. Ó fa àga tó wà níwájú tábìlì mi, ó sì jókòó. Mo ń wá bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ láti wò, n kò rí i mọ́. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí láyà gan-an, níbi tí ó yẹ kó ti máa dùn mí láti ọjọ́ yìí wá.

"Mo lọ ra omi ni," ìyá náà wí níkẹyìn. "Ṣé ó sunkún?"

"Kò sunkún," Àǹtí Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. "Ó di ìka mi mú. Kò fi í sílẹ̀."

"Ìka wo ni?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá náà wo ọwọ́ náà dáadáa, ó sì mú ìka tó fi hàn án.